Ẹrù Olùdásílẹ̀



Ẹ̀yin tí ẹ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nínú párísì yìí, àti ẹ̀yin tí ẹ dá ilé ìtajà tàbí ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nínú ìlú, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ó ń di àpò owó mú. Òun náà ni akọ̀wé, òun ni ó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. A ń pe èyí ní ìfara-ẹni-rúbọ. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà púpọ̀, ìbẹ̀rù ni, pé kí ẹlòmíràn má baà ṣe é dáradára jù wá lọ.

Nígbà tí a ń gbàgbé àwọn opó kan nínú ìpín oúnjẹ ní Jerúsálẹ́mù, àwọn Àpóstólì kò fi ìwàásù àti àdúrà sílẹ̀ láti lọ máa pín oúnjẹ. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń sọ èdè Gíríìkì ni ìráhùn náà ti wá. Orúkọ Gíríìkì sì ni gbogbo àwọn méje náà ń jẹ́. Ó dà bí ẹni pé láàrin àwọn tí ń ráhùn ni a ti mú wọn!

Ẹ wo ẹgbẹ́ àwọn Fada tí wọ́n mú ìgbàgbọ́ wá fún àwọn bàbá wa. Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac ni ó dá a sílẹ̀ ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, ọdún 1856. Míṣọ́nnárì ni, ó ti ṣiṣẹ́ ní Índíà rí. Nígbà tí ó ń bọ̀ ní Áfíríkà, ó fi ilé Lyon lé Fada Augustin Planque lọ́wọ́, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ní sẹ́mínárì. Ọwọ́ tí ó tó pẹpẹ kò wọ kèrègbè. Bíṣọ́ọ̀bù gúnlẹ̀ sí Freetown ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, ọdún 1859. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré lẹ́yìn náà, ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ pa á. Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ó mọ ìwé owó, tí òun nìkan mọ àwọn olùrànlọ́wọ́, inú sàréè kan náà ni à bá sin ẹgbẹ́ náà sí. Ṣùgbọ́n Planque wà ní Lyon. Ó ṣe olórí títí di ikú rẹ̀ ní 1907. Nígbà tirẹ̀ ni àwọn Fada dé Ouidah ní 1861, tí wọ́n sì fìdí kalẹ̀ ní Èkó ní 1868.

Èmi náà jẹ̀bi. Nínú párísì kan tí mo ti wà rí, a ń kọ́lé, èmi fúnra mi ni mo sì ń ka àpò sìmẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ ni bíríkìlà tí ó dúró tì mí mọ ìṣirò jù mí lọ. Wọ́n wá pè mí sí aláìsàn kan. Mo ní kí wọ́n dúró kí n kà á tán. Nígbà tí mo gbé Òróró Mímọ́ débẹ̀, ara rẹ̀ ti tutù.

Lẹ́yìn Mísà kejì lónìí, mo ń retí gbogbo olórí ẹgbẹ́ ní ilé Fada. Kí olúkúlùkù mú ìwé owó rẹ̀ dání, àti orúkọ ẹni tí yóò gbà á.

Fada yín.