Ìṣẹ́tí Aṣọ
Ibi kíkà: Mátíù 9:20–22



Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: “hem”. Ẹni tó bá ti mú abẹ́rẹ́ rí mọ̀ ọ́n: etí aṣọ tí a ṣẹ́ sínú, tí a sì rán, kí òwú má baà máa tú. Ìdí nìyẹn tí àwa fi ń pè é ní ìṣẹ́tí. Ṣùgbọ́n bí Gẹ̀ẹ́sì bá ní “hem in”, ohun tí ó ń sọ ni pé a ká ènìyàn mọ́, kò rí ọ̀nà àbájáde.

Obìnrin inú ibi kíkà wa mọ ìtumọ̀ méjèèjì. Ọdún 12 ni ìsun ẹ̀jẹ̀ fi ká a mọ́. Máàkù sọ fún wa pé gbogbo owó rẹ̀ tán sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn, síbẹ̀ àìsàn náà ń pọ̀ sí i. Gẹ́gẹ́ bí òfin Léfítíkù 15, ẹni tó bá fara kan ibi tí ó jókòó sí yóò di aláìmọ́. Etí àwùjọ ni ó wà. Etí aṣọ Olúwa ni ọwọ́ rẹ̀ sì tó. Ibẹ̀ náà ni ó ti rí ìwòsàn.

Ọlọ́run ni ó pàṣẹ wajawaja etí aṣọ nínú Númérì 15, kí Ísírẹ́lì lè máa rántí òfin Rẹ̀. Nínú Mátíù 23:5, àwọn Farisí mú tiwọn gbòòrò kí ènìyàn lè rí wọn. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà ni Mátíù lò ní ibi méjèèjì. Ohun tí ẹnìkan fi ń ṣe àṣehàn ni ẹlòmíràn fi rí ìyè.

Àwa ńkọ́? Aṣọ ẹgbẹ́ dára, ó ń fi ìṣọ̀kan hàn. Ṣùgbọ́n ìyá kan, opó, sọ fún wa pé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni òun ti gbọ́ orin wa lọ́jọ́ àjọ̀dún, tí òun fi padà sílé, nítorí òun kò rí owó aṣọ san. Àwa sì ti ń sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti tutù! Àwa ni a ká a mọ́. Kí Olúwa dárí jì wá.

Jésù dúró, Ó pe obìnrin náà ní ọmọbìnrin lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí àwa náà béèrè agbára àwọn tí ọwọ́ wọn kò tó, kí a tó dá iye lé aṣọ. Ẹni tó bá wọ ti àtijọ́ wá, kí a fún un ní ìjókòó láàrin wa. Aṣọ tí a kò bá ṣẹ́ etí rẹ̀, láti etí ni yóò ti máa tú títí yóò fi dé àárín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́.

Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí a dí ẹnikẹ́ni lọ́nà ọ̀dọ̀ Rẹ̀. Àmín.