Ooru Tí Ò Dé Ọ̀dọ̀ Ará Ilé


Ibi kíkà: Jákọ́bù 2:14-17

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Chicago àti Minneapolis á tètè mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Nígbà òtútù, ẹni tó ń wa píkọ́ọ̀pù àtijọ́ lè tan hítà, kí fáànù máa pariwo, síbẹ̀ kí atẹ́gùn tútù máa fẹ́ sí i lójú. Ẹ́ńjìnnì ń gbóná níwájú, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ń gbọ̀n. Kí ló fà á?

Hítà kì í dá iná tirẹ̀. Omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń gba rédíétọ̀ kékeré kan lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù kọjá, fáànù á wá fẹ́ ooru rẹ̀ wọlé. Torí náà, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í kàn bá fáànù jà. Á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kó tó ṣí ìdérí, á wò ó bóyá omi ti dín. Bí ọkọ̀ bá rìn jìnnà tí abẹ́rẹ́ géèjì ò gòkè, ó lè jẹ́ pé thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń sé omi, ló ṣí sílẹ̀ gbagada. Á fọwọ́ kan rọ́bà méjèèjì tó wọ hítà: bí ọ̀kan bá gbóná tí èkejì tutù, ó ṣeé ṣe kí ìdọ̀tí ti dí ọ̀nà. Á fọ̀ ọ́ ná, kò ní sọ ọkọ̀ nù.

Ẹ gbọ́ o: ooru tí ò dé inú ọkọ̀, rédíétọ̀ iwájú ló ń kó o fún afẹ́fẹ́ títì. Ṣé kì í ṣe bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rí nìyẹn? Àwọn ará òde ń yin ọ̀yàyà wa, ìyàwó ń gbọ̀n nílé. A ń gbàdúrà kíkankíkan lé ọmọ lórí, a ò bi í bóyá ó ti jẹun. Ariwo fáànù nìyẹn. Irú ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ṣàánú ẹni tí òtútù ń mú ni Jákọ́bù bá wí.

Ẹnì kan lè ní, "Ajíhìnrere, ṣé ká dáwọ́ oore òde dúró ni?" Rárá o. Bí rédíétọ̀ iwájú bá dí, ẹ́ńjìnnì á hó, á bàjẹ́. Ètò ló ṣe pàtàkì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, omi ti ń dé hítà kí thermostat tó ṣí ọ̀nà sí rédíétọ̀ iwájú. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ má tètè sọ pé ìfẹ́ ti kú nínú ilé yín. Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí lásán ló dí ọ̀nà: ìbínú ọjọ́ pípẹ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ ò tíì bá ara yín sọ. Lónìí, kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ bi ẹnì kan nínú ilé pé, "Kí lo ti ń retí lọ́dọ̀ mi tí o ò tíì rí?" Ẹ gbọ́ ọ tán, ẹ má ṣàròyé.

Àdúrà: Olúwa, fọ ohun tó dí ọ̀nà ìfẹ́ nínú mi, kí ará ilé mi náà lè jẹ nínú oore tí O fi sí mi lọ́wọ́. Ní orúkọ Jésù. Àmín.