Ta Ló Yẹ Kí Wọ́n Fún Ní Ẹ̀dọ̀?

Bíbélì kíkà: Lúùkù 13:1-9

 

Ọ̀rọ̀ tòní le díẹ̀. Ọtí ba ẹ̀dọ̀ ẹnì kan jẹ́, àpá bò ó títí ó fi le gbagidi, jẹjẹrẹ tún wá yọ nínú rẹ̀. Dókítà ní àfi kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀. Àmọ́ ẹ̀dọ̀ ò sí lórí àtẹ. Ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni wọ́n sábà máa ń gbà á, àwọn tó ń dúró dè é sì pọ̀ ju èyí tó wà lọ. Ẹni tí kò fẹnu kan ọtí rí náà wà lórí ìlà. Ṣé ó wá yẹ kí wọ́n fún ọ̀mùtí?

Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1995. Mickey Mantle, gbajúgbajà eléré baseball, ti mutí tó ogójì ọdún kó tó jáwọ́ lọ́dún 1994. Hepatitis C náà wà lára rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, ní Dallas, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ò sì tíì pé ọjọ́ mẹ́ta lórí ìlà. Aráàlú kùn: torí ó lókìkí ni! Ọ̀mùtí ni jàre! Àwọn dókítà ní bí àìsàn rẹ̀ ṣe le tó làwọn wò. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ yẹn ti tàn ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ, ó kú. Oṣù méjì péré.

Ọ̀pọ̀ wa á sáré lọ sí Mátíù 20, níbi tí àwọn tó dé ọgbà àjàrà kẹ́yìn ti gba owó kan náà. Ẹ fara balẹ̀ ná. Owó baálé yẹn tó gbogbo wọn. Oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run kì í tán. Ẹ̀dọ̀ ń tán. Èmi ò lè fi Mátíù 20 pa ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà lórí ìlà lẹ́nu mọ́.

Lúùkù 13 ló ràn mí lọ́wọ́. Àwọn 18 tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa, Jésù ò gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn ló pọ̀ jù. Nílẹ̀ Nàìjíríà níbí, hepatitis B ló ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ jù, ẹlòmíì sì kó o lára ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Síbẹ̀, tí ikùn ará ìjọ bá ti wú báyìí, a ti ń sọ pé ó ń mu paraga ní kọ̀rọ̀!

Igi ọ̀pọ̀tọ́ ló tẹ̀ lé e. Olùtọ́jú ọgbà ò wí àwíjàre kankan fún igi náà. Ó ní kí wọ́n fún un lọ́dún kan sí i, òun á tu ilẹ̀ ìdí rẹ̀, òun á fi ajílẹ̀ sí i. Tí kò bá so, kí wọ́n gé e. Ṣé ó ṣì lè so? Ohun tó yẹ kí dókítà béèrè náà nìyẹn. Láti 1996 ni wọ́n ti ní ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní ti Milan: kókó jẹjẹrẹ kan tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tàbí méjì sí mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju 3 lọ, tí kò sì tíì jáde kúrò nínú ẹ̀dọ̀. Ilé ìwòsàn mìíràn tún máa ń ní kí ọ̀mùtí kọ́kọ́ fi ọtí sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Tí wọ́n bá fi oṣù mẹ́fà yẹn tu ilẹ̀, tí wọ́n fi ajílẹ̀ sí i, mo fara mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ fi jẹ ẹ́ níyà ni, rárá o.

Kí Mantle tó kú, ó sọ fún Bobby Richardson, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣeré, pé òun ti gba Jésù. Inú mi dùn sí i. Ìyẹn ò dá ẹ̀dọ̀ padà fún ẹni tó kàn. Òun náà mọ̀, ó jọ: ó lo ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù fún un láti bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n fi ẹ̀yà ara wọn sílẹ̀ fún aláìsàn. Àwa ńkọ́? Mélòó nínú wa ló máa gbà kí wọ́n sin ẹni tiwa láìsí ẹ̀dọ̀ nínú rẹ̀?

Àdúrà: Baba, rántí àwọn tó wà lórí ìlà láàárọ̀ yìí, àti ìdílé tí òkú wọn ṣì wà nílẹ̀, tí wọ́n ń bi léèrè bóyá wọ́n á gbà. Àmín.