Àbùlà àti Ẹ̀tàn: Ọ̀dà Ara Pósí ní Teshie

Nínú èdè Yorùbá, "àbùlà" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyìn. Ẹmu tí a bu omi là kì í ṣe ògidì mọ́. Ẹni tó bá tà á bí ògidì ti jalè. Síbẹ̀, iṣẹ́ kan wà tí kò ṣeé ṣe láìsí àbùlà. Iṣẹ́ ọ̀dà elépo jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Níbo, nígbà náà, ni àbùlà ti ń di ẹ̀tàn?

Teshie, ní etí òkun Accra, mú ìbéèrè yìí le. Níbẹ̀ ni Kane Kwei (tó kú ní 1992) ti sọ pósí alárà, tí àwọn Ga fi ń sin òkú wọn, di iṣẹ́ tí ayé mọ̀: ẹja fún apẹja, èso kòkó fún àgbẹ̀. Igi arère, tí àwọn ará Gánà ń pè ní wawa, ni wọ́n sábà ń lò. Ọ̀dà tó ń dán ni wọ́n fi ń kùn ún.

Ohun mẹ́ta pàtàkì ló wà nínú ọ̀dà elépo: lẹ́búlẹ́bú àwọ̀, epo tó dì í mú, àti tínnà tó mú kí ó ṣàn. Tínnà kì í dúró. Afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, epo tó ṣẹ́kù á sì máa fa ọ́síjìn mọ́ra títí yóò fi le. Ìpele àkọ́kọ́ nílò àbùlà, kí ọ̀dà lè wọ inú igi. Bí ó bá pọ̀ jù, epo kò ní tó di àwọ̀ mú. Ọ̀dà á ṣàn wálẹ̀, á sì tètè bó. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ a máa dín in kù bí ìpele ti ń gòkè.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹbí bá wá gbé pósí, ta ni yóò mọ ìwọ̀n tínnà tó ti fẹ́ lọ? Láìpẹ́, ilẹ̀ ni yóò bò ó. Ní 1989, wọ́n pàtẹ pósí Kane Kwei ní Paris. Ká ní oníṣẹ́ kan ń kun méjì lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan fún irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀, ìkejì fún ibojì: ṣé ó tọ́ kí ó bu ti ibojì là jù?

Ẹnìkan lè ní ó tọ́, nítorí òfò ni ọ̀dà líle fún ohun tí ilẹ̀ yóò jẹ. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, bí oníṣẹ́ bá sọ ọ́ fún ẹbí tí ó sì dín owó kù. Àbùlà tí a sọ jẹ́ àdéhùn. Èyí tí a fi pamọ́, tí a sì gba owó ògidì lé lórí, ni ẹ̀tàn. Pé òkú kò lè fẹjọ́ sùn kò dín in kù.

Ẹlòmíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ní 1989 bákan náà, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ka iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà. Tínnà tí kò sí lára pósí mọ́ ti gba inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kọjá. Àìrí kì í ṣe àìsí.

Yorùbá ní ẹni dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ: ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí májẹ̀mú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àbùlà òun tọ́, kí ó bi ara rẹ̀ bóyá ó lè sọ ìwọ̀n rẹ̀ lójú ẹbí òkú. Kí ó sì ṣí fèrèsé fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kí ó tó ṣí agolo.