Ìsinmi Inú Ilé: Ta Ni Ó Tọ́ Sí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan fara pamọ́ sínú rẹ̀. Bí gbogbo ará ilé bá jọ ti oko dé, ta ni yóò jókòó, ta ni yóò sì dáná?

Ní Minna tí a wà yìí, kò sí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ìwúlò ìsinmi fún. Bí oṣù kẹta bá dé, tí òjò kò ì tíì rọ̀, páànù orí ilé a máa gbóná bí irin inú iná, ariwo jẹnẹrétọ̀ ọ̀tún a sì máa dá ti òsì lóhùn. Ẹni tí ó bá gbin igi dongoyaro síwájú ilé, tí ó kọ ojú fèrèsé sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wá, tí ó sì ya igun kan sọ́tọ̀ fún ẹní àti ìwé rẹ̀, kò ṣe àṣejù rárá. Ara kì í ṣe òkúta.

Àwọn baba wa mọ èyí kí páànù tó dé. Ògiri amọ̀ agbo ilé nípọn, ooru kì í tètè wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àgbà máa ń jókòó sí lọ́sàn-án tí atẹ́gùn yóò máa fẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Bí baba ti ń sinmi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá wà nídìí ààrò, ọmọdé sì wà lọ́nà odò.

Lónìí, tọkọtaya lè jọ jẹ́ olùkọ́, kí wọ́n jọ kọ́ni láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Bí wọ́n bá délé, ọkọ a wọ yàrá, a ní kí ẹnikẹ́ni má pariwo. Ìyàwó a bọ́ bàtà, a gba ilé ìdáná lọ. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó ti wà lórí ìdúró láti ìdájí kò tilẹ̀ sí nínú ìṣirò.

Àwọn Gbagyi tí wọ́n ni ilẹ̀ yìí ní àṣà kan tí ó yẹ kí a ronú sí. Obìnrin wọn kì í ru ẹrù lórí, èjìká ni wọ́n ń gbé e lé. Wọ́n ní orí ni olórí ara, kò yẹ kí a sọ ọ́ di alárù. Ọ̀wọ̀ ńlá nìyí fún orí. Síbẹ̀, ẹrù náà kò tìtorí èyí fúyẹ́. Èjìká ni ó gbà á. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìsinmi olórí ilé rí. Ẹrù tí ó sọ̀ kalẹ̀ kò pòórá, ẹlòmíràn ni ó wà léjìká rẹ̀.

Ẹnì kan lè wí pé ẹni tí ó ń mú owó wálé ni ìsinmi tọ́ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìkéde ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní 1948, ohun tí abala kẹrìnlélógún sọ ni pé olúkúlùkù ni ó ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi. Kò pe olówó níbẹ̀, kò sì yọ ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó yin ibi ìsinmi kan nínú ilé, ó yẹ kí a bèèrè bóyá olúkúlùkù ará ilé ní wákàtí tirẹ̀ níbẹ̀. Bí ọkọ bá pọn omi, tí ọmọ fọ abọ́, ìyá pẹ̀lú yóò rí àyè jókòó sábẹ́ dongoyaro kí oòrùn tó wọ̀. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Bí a bá sì fẹ́ kí ẹrù náà kúrò lórí gbogbo wa, àfi kí a jọ sọ̀ ọ́.