Òkè Tí Ojú Kò Rí Rí

Ọyẹ́ tí a fi ń sá fún omi àlùwàlá Àsùbáà ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtútù Antarctica, ìpẹ̀kun gúúsù ayé. Ọ̀wọ́ òkè kan wà níbẹ̀, Gamburtsev, tó gùn tó 1,200 kìlómítà, ṣùgbọ́n ojú kankan kò rí i rí. Yìnyín tó nípọn ju 600 mítà lọ ló bò ó. Ní 1958 ni àwọn ará Rọ́ṣíà fi ìró tó ń ta padà lábẹ́ yìnyín mọ̀ pé ó wà. Ọlọ́run tó fi òkè ṣe èèkàn ilẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́.

Ìwọ arákùnrin tó ń sùn, tó wá sọ fún lémọ́ọ̀mù pé o ti kírun nílé, ṣé aṣọ ìbora rẹ nípọn tó yìnyín yẹn ni? Arábìnrin tó dá dìde nínú ọyẹ́ láìsí ẹni tó mọ̀, Ó rí ìwọ náà.