Ta Ló Ni Òní? Ìtàn Ògún ní Ìrè-Èkìtì àti Ìbéèrè nípa Ọjọ́

Ìbéèrè tí ó wà nídìí ìwé ọjọ́ jẹ́ ìbéèrè ẹ̀sìn kí ó tó di ti ìṣirò. Ìwé ọjọ́ ni ìwé tí ó ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, tí a fi ń mọ bí ojú ọjọ́ ti rí, ọdún tàbí orò tí ó bọ́ sí ọjọ́ náà, ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rí, àti èrò tí ó wá sọ́kàn ẹni tí ó ń kọ ọ́. Ẹni tí ó bá wò ó lóréfèé lè sọ pé ohun mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan ni a kó sójú kan, nítorí òjò kò mọ ìtàn, ìtàn kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè kí ó tó ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń dáhùn: irú ọjọ́ wo ni òní, ta ni ó sì ni ín? Bí ọjọ́ kan kò bá yàtọ̀ sí èkejì ju nọ́ńbà lọ, ìwé bẹ́ẹ̀ kò wúlò ju kí a fi rántí ìgbà tí gbèsè yóò pé. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bá ní ìwà tirẹ̀, tí ó sì ní ẹni tí ó ni ín, a jẹ́ pé àìmọ ọjọ́ lè ba ayé ẹni àti ti ẹlòmíràn jẹ́. Nínú gbogbo ìlú Yorùbá, ó ṣòro láti rí èyí tí ìtàn rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ tó Ìrè-Èkìtì, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, ní apá àríwá ìpínlẹ̀ Èkìtì.

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu ti wí, Ògún ti ojú ogun dé sí Ìrè ní ọjọ́ kan tí àwọn ará ìlú péjọ síbi orò kan tí ó ka ọ̀rọ̀ sísọ léèwọ̀. Ó kí wọn, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó rí àwọn agbè ẹmu tí wọ́n tò sílẹ̀, kò sì mọ̀ pé òfìfo ni gbogbo wọn. Ó ka ìdákẹ́jẹ́ wọn sí àfojúdi, ó fa idà yọ, ó sì ṣá àwọn ènìyàn tirẹ̀ balẹ̀. Ìgbà tí ó yá ni ó tó mọ irú ọjọ́ tí ọjọ́ náà í ṣe. Àbámọ̀ mú un, kò sì bá wọn gbé ìlú mọ́, ó wọlẹ̀ lọ ní Ìrè, èyí tí ó fà á tí a fi ń pè é ní Ògún Onírè títí di òní, tí àwọn olùsìn rẹ̀ ní Kúbà àti ní Bùràsíìlì pàápàá kò sì gbàgbé orúkọ ìlú náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ ìtàn yìí bí ìtàn ìbínú, wọn a sì fi kọ́ ọmọ pé kí ó máa mú sùúrù. Ẹ̀kọ́ yẹn kò burú, ṣùgbọ́n kò kan ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Ohun tí ó yẹ kí a fiyè sí ni pé orò tí ó ka ọ̀rọ̀ sísọ léèwọ̀ kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ni orò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lanu là á yé Ògún pé ọjọ́ ìdákẹ́jẹ́ ni òní, ẹni náà ti ba ọjọ́ náà jẹ́. Ẹni tí ó bá sì pa ọjọ́ mọ́, kò lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ idà. Láti inú ọjọ́ náà, kò sí ọ̀nà àbáyọ kankan. Ìmọ̀ tí ì bá gba ìlú là gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ Ògún kí ó tó wọ ìlú, ìyẹn ni pé ó yẹ kí ó ti ka ọjọ́ láti ojú ogun wá. Ibi tí ìtàn náà ti dójú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nìyí, nítorí ó fi hàn pé mímọ ọjọ́ jẹ́ ojúṣe ẹni sí ẹlòmíràn, pàápàá jù lọ sí àwọn tí ó wà ní ipò tí wọn kò ti lè ṣàlàyé ara wọn. Ohun mìíràn tí kò yẹ kí a fojú fò ni pé Ògún kò fi àìmọ̀ ṣe àwáwí. Ó lè sọ pé òun kò mọ̀, òtítọ́ ni ì bá sì jẹ́. Ṣùgbọ́n lójú ara rẹ̀, ẹni tí ó ní idà lọ́wọ́ ní láti béèrè ọjọ́ kí ó tó fà á yọ.

Kí ni a wá ń pè ní ọjọ́ tí ó ní ẹni tí ó ni ín? Ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀ Yorùbá jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé márùn-ún ni àwọn àgbà máa ń pè é, nítorí pé nínú ìṣirò wọn, a máa ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, a sì máa ń ka ọjọ́ tí a parí sí pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, Ọbàtálá ni ó ni ọjọ́ kan; Ọ̀rúnmìlà ni ó ni ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e, èyí tí í ṣe ọjọ́ Awo; Ògún ni ó ni ẹ̀kẹta; Ṣàngó ni ó sì ni ẹ̀kẹrin, èyí tí í ṣe ọjọ́ Jàkúta. Àwọn òrìṣà yòókù a máa bá àwọn wọ̀nyí pín ọjọ́, ètò náà a sì máa yàtọ̀ díẹ̀ láti ìlú dé ìlú, àgàgà níbi tí ọjọ́ ọjà bá ti ní agbára ju ọjọ́ òrìṣà lọ. Ìṣirò kan náà ni ó bí ìtàdógún, tí í ṣe ọjọ́ kẹtàdínlógún bí a bá ka òní mọ́ ọn, èyí tí ó jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gééré.

Orí ètò yìí ni òwe àwọn àgbà dúró lé, pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ọrọọrún ni ọjọ́ karùn-ún karùn-ún, ìyẹn ìgbà tí ọjọ́ Awo bá tún padà dé. Òwe náà jinlẹ̀ ju bí a ti ń lò ó lójoojúmọ́ lọ, nítorí ohun méjì tí ó dà bí ẹni pé wọn ń ta ko ara wọn ni ó so pọ̀: ọjọ́ Awo kan náà ni ó ń padà wá, síbẹ̀ kò padà wá bákan náà. Bí kò bá jẹ́ pé ó ń padà wá ni, kò ní sí àkókò kan pàtó tí a ó dá fún ìbéèrè. Bí ó bá sì jẹ́ pé bákan náà ni ó ń rí, ìdáhùn ọrún tí ó kọjá ì bá tó fún tòní. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ń kọ ìwé ọjọ́ fi ń kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní irú òní lọ́dún tí ó kọjá, tí ó sì tún ń kọ bí ilẹ̀ ti mọ́ ní òní gan-an.

John Mbiti, ọmọ ilẹ̀ Kẹ́ńyà tí ó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀sìn, sọ nínú ìwé rẹ̀ African Religions and Philosophy, tí ó jáde ní ọdún 1969, pé nínú èrò àwọn ènìyàn ilẹ̀ Áfíríkà látayébáyé, àná gùn lọ rẹrẹ, òní wà, ṣùgbọ́n ọ̀la fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, nítorí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ kò tíì di àkókò. Kwame Gyekye ti ilẹ̀ Gánà fi èdè àti àṣà àwọn Akan ta kò ó, babaláwo tí ó ń dífá ọrọọrún náà sì tó láti fi ta kò ó ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí ta ni yóò máa bèèrè ohun tí kò sí? Àmọ́ ó tọ́ kí a gbà pé ohun kan wà nínú ohun tí Mbiti rí. Ọ̀la tí babaláwo ń bèèrè kò jìnnà. Ọrún kan péré ni, tàbí ìtàdógún, bí ó bá sì ti dé ni a ó tún bèèrè òmíràn. Ìrètí tí ó mọ níwọ̀n báyìí kò túmọ̀ sí pé ẹni náà kò mọ ọjọ́ iwájú. Ìwọ̀n tí ènìyàn lè gbé ni ó ń gbé.

Ní ti ojú ọjọ́, ẹni tí ó bá gbé láàárín Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó ní Èkìtì mọ̀ pé kò sí ọdún kan tí ó dá dúró láìsí òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn tí ó gbé e wá. Ọyẹ́ a máa mú ní oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní, òjò àkọ́rọ̀ a máa dé ní nǹkan bí oṣù kẹta, òjò a sì máa dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹjọ, kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ kíkankíkan. Inú àlàfo tí òjò fi sílẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ọdún Èkìtì bọ́ sí. Ní Adó-Èkìtì, ìgbà yìí ni ọdún Ùdírókò, tí ó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun nínú ìṣirò àwọn ará Adó, tí a fi ń ka iye ọdún tí Èwí, ọba wọn, ti lò lórí ìtẹ́. Ní Ìrè, ìgbà yìí ni ọdún Ògún. Oṣù kẹjọ gan-an ni ọ̀pọ̀ Yorùbá sì ń pè ní oṣù Ògún. Bí a bá kọ ojú ewé kan fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ láti orí kùrukùru òwúrọ̀ tí kò jẹ́ kí a rí orí òkè, a ó kan iṣu tuntun tí a sun, tí a gé sí wẹ́wẹ́, tí a sì ta epo sí, a ó kan màrìwò tútù tí a ta sí ojúbọ, ajá àti agbè ẹmu tí ó kún lọ́tẹ̀ yìí, kí a tó dé orí ìtàn àwọn tí ó kú nítorí agbè òfìfo. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya ojú ọjọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára orò nínú irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ kò ní mọ ibi tí yóò ti gé e.

Orúkọ àwọn ènìyàn pàápàá ń ṣe iṣẹ́ ìwé ọjọ́ ní ilẹ̀ yìí kí ìwé tó dé: Béjídé bá òjò wá, Abíọ́dún bá ọdún wá, Abógundé bá ogun wá, Èkúndayọ̀ sì ni èrò ọkàn òbí ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Nígbà tí ìwé wá dé, kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn etí òkun fi bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún irú iṣẹ́ kan náà. Antera Duke, oníṣòwò àti ìjòyè Ẹ́fíìkì ní Calabar, kọ ìwé ojoojúmọ́ láti ọdún 1785 títí di ọdún 1788. Léraléra ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ aago tí ó jí àti bí òwúrọ̀ ti rí, yálà ó mọ́ kedere tàbí òjò ń rọ̀, kí ó tó sọ ti ọkọ̀ òkun, ti ẹrú tí wọ́n ń tà, àti ti ẹgbẹ́ Ekpe. Ó dun ni láti ka irú òwúrọ̀ tútù bẹ́ẹ̀ lórí ìlà kan náà pẹ̀lú títà ènìyàn, ìwé náà kò sì fi ọ̀kan pamọ́ fún èkejì. Ní Èkó, ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, John Augustus Otunba Payne, tí ó jẹ́ akọ̀wé àgbà ní ilé ẹjọ́ gíga jù lọ, ń tẹ ìwé ọjọ́ ọlọ́dọọdún jáde, ó sì tẹ àkójọ àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ pàtàkì nínú ìtàn Yorùbá jáde ní ọdún 1893. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó wà lára àwọn tí ó ṣe alárinà àlàáfíà tí a fọwọ́ sí ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886 láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ nínú ogun Kírìjì, náà máa ń kọ ìròyìn ojoojúmọ́ ránṣẹ́ sí ìjọ CMS tí ó rán an níṣẹ́.

Àtakò tí ó lágbára jù sí gbogbo èyí wá láti inú ẹ̀sìn fúnra rẹ̀. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì bá àwọn ará Gàlátíà wí nítorí pé wọ́n ń kíyè sí ọjọ́, oṣù, àkókò àti ọdún, bí ẹni pé nǹkan wọ̀nyí lè gba ènìyàn là. Nínú hádíìsì, Ọlọ́run kọ̀ fún ọmọ ènìyàn láti máa bú ìgbà, nítorí Òun ni Ó ń yí òru àti ọ̀sán padà. Ìkìlọ̀ méjèèjì wúlò gan-an níbi tí àwọn kan ti ń bẹ̀rù ọjọ́ bí ẹni ń bẹ̀rù ajá dìgbòlugi. Síbẹ̀ Pọ́ọ̀lù kan náà kọ sí àwọn ará Róòmù pé ẹni kan ka ọjọ́ kan sí ju òmíràn lọ, ẹlòmíràn ka gbogbo wọn sí bákan náà, kí oníkálùkù dá ara rẹ̀ lójú, kí wọ́n má sì ṣe dá ara wọn lẹ́jọ́. Ohun tí ìtàn Ìrè fi kún un ni pé ẹni tí ó ka gbogbo ọjọ́ sí bákan náà ṣì ní láti mọ ọjọ́ tí aládùúgbò rẹ̀ kà sí, nítorí Ògún kò nílò láti gba orò náà gbọ́ kí ó tó dá idà padà sínú àkọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí sí ayé àtijọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá lónìí, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń gbé ọdún ìbílẹ̀ sí, kí àwọn ọmọ ìlú tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tàbí Àbújá lè ráyè wá sílé, àwọn àgbà kan sì ń rojọ́ pé ọdún tí a gbé kúrò ní ọjọ́ ẹni tí ó ni ín ti di ayẹyẹ lásán. Àwọn àgbà jàre, nítorí òrìṣà kò gba àkókò ìsinmi lọ́wọ́ ìjọba; àwọn ọmọ ìlú náà kò sì ṣe é dá lẹ́bi, nítorí ọdún tí kò sí ọmọ ìlú níbẹ̀, ta ni a ń ṣe é fún? Ṣùgbọ́n bí a bá to ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ti ìbílẹ̀ mọ́ ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje, méjèèjì a máa pàdé padà ní ọjọ́ 28 kọ̀ọ̀kan, tí í ṣe ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n nínú kíkà àwọn àgbà, ọjọ́ Ògún a sì bọ́ sí Sátidé lẹ́ẹ̀kan láàárín àkókò náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń bọ́ sí Jímọ̀ àti Àìkú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Oṣù kẹjọ jẹ́ ọjọ́ 31. Kò sí ọdún kan tí oṣù náà yóò kọjá láìní ó kéré tán Sátidé kan tí ó jẹ́ ti Ògún, bí a bá rí ẹni tí kò jẹ́ kí kíkà náà já láti ìran dé ìran, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú kí ọjọ́ tó dé.